Ẹnu Tó Wọ́ Nínú Àwòrán

"Ojú ni kí ẹ fi wò ó! Ẹ má fọwọ́ wò ó o!"

Obìnrin tó ń pariwo yìí ni alámójútó gbọ̀ngàn àwòrán. Ànńtí ni àwọn ọmọ ń pè é. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀dà búlúù kan sì ti gbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò láyà láti sọ fún un. Ó ti na okùn pupa kan gbọọrọ síwájú àwọn àwòrán, ó ní ẹni tó bá ré e kọjá, ilé ló ń lọ.

Ọmọ márùn-ún ló dúró sẹ́yìn okùn náà. Ilé ẹ̀kọ́ girama ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, wọn ò sì mọra rí títí di àárọ̀ ọjọ́ náà, àfi àwọn ìbejì tí wọ́n jọ wá láti ilé kan. Iṣẹ́ tí wọ́n pè wọ́n fún kì í ṣe kékeré. Àwọn ayàwòrán ti fi àwòrán ojú èèyàn ránṣẹ́ sí ìdíje, àwọn adájọ́ àgbà sì ti ṣà á, ṣà á, títí ó fi ku márùn-ún péré. Àwọn àgbà yóò mú ààyò tiwọn, àwọn ọ̀dọ́ náà yóò mú tiwọn. Ayàwòrán tí àwọn ọ̀dọ́ bá mú ni wọ́n máa fún ní yàrá kan nínú ilé náà, yàrá olójú fèrèsé ńlá, kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún kan gbáko láìsan kọ́bọ̀.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí gbogbo ayé ń pè ní Agogo. Ẹ má bèèrè ìdí rẹ̀. Bí ọmọ yìí bá kí èèyàn lójú ọ̀nà, ẹni tó wà ní ilé kẹta á dáhùn. Bí ọ̀fun bá ń dun olùkọ́ rẹ̀, Agogo ló máa ń ní kó ka ìwé fún kíláàsì, kíláàsì ẹ̀gbẹ́ wọn náà á sì jàǹfààní.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," Ànńtí ní. "Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ẹni tó kun àwòrán kan, tàbí tó bá jẹ́ ẹbí ẹni tí wọ́n kùn, kó wá sọ fún mi lónìí. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ọmọ kan wà nítòsí tí mo lè pè kó wá rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ lónìí ni o! Ẹni tí kò bá bá wa wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ kò lè bá wa dìbò lọ́jọ́ Ẹtì."

Gbogbo wọn mi orí. Agogo náà mi orí tọkàntọkàn, torí ayàwòrán kan ṣoṣo tó mọ̀ láyé ni Búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ àkọlé sára ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò wọn. Ta ni yóò gbé iṣẹ́ Búrọ́ọ̀ṣì wá sínú ilé olókùn pupa?

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Àkọ́kọ́ ni bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, agboòrùn rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀, ó ń wo òkè bí ẹni tí òjò jẹ ní gbèsè. Ìkejì ni nọ́ọ̀sì kan tó sùn lọ sórí àga, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkẹta ni ọmọdékùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá orí rẹ̀, inú rẹ̀ ò sì dùn sí i rárá. Ìkẹrin ni awakọ̀ kan, ojú rẹ̀ nìkan ló hàn nínú dígí ọkọ̀. Bí ìbejì kan bá ti sọ pé eléyìí dára, èkejì á ní kò dára. Ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé wọ́n ń sanwó fún wọn láti máa jiyàn ni.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìkarùn-ún. 

Obìnrin kan ló jókòó sídìí máṣínì ìránṣọ, tépù wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbé ojú sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nǹkan fún. Agogo mọ fèrèsé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ ibi tí ògiri ti là. Aṣọ ilé aláwọ̀ ewé tí obìnrin náà wọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá.

Ìyá rẹ̀ ni!

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ti la ẹnu láti fi ohùn agogo rẹ̀ ké e síta pé, "Ìyá mi rèé!" Ká ní ó ké e ni, ẹjọ́ ì bá ti tán níbẹ̀. Àmọ́ ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà, torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ẹnu náà sì ti ṣáájú tirẹ̀.

"Ẹ wo ẹnu obìnrin yìí!" Lọ́yà ní. "Ó wọ́ bí ìdérí ìkòkò tí wọ́n fi ìkánjú dé!"

Ẹ̀rín bú jáde. Àwọn ìbejì tí wọn kì í fohùn ṣọ̀kan rẹ́rìn-ín papọ̀. Onígíláàsì, ọmọbìnrin tí ojú rẹ̀ le bí ojú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, yọ gíláàsì rẹ̀ kó lè nu omi ẹ̀rín. Agogo ńkọ́? Agogo náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ti jáde kó tó mọ̀, ó sì ròkè ju ti gbogbo wọn lọ.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹyin lohùn, pé bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Irú ohùn kan náà ni ẹ̀rín. Báwo ni yóò ṣe wá sọ fún wọn nísinsìnyí pé ìyá òun ni òun ń fi rẹ́rìn-ín? Ó pa ẹnu mọ́.

"Ojú rẹ̀ dára," Onígíláàsì ní, ó dá gíláàsì padà. "Ọwọ́ rẹ̀ náà dára. Àmọ́ ẹni tí kò mọ ẹnu kùn, kí ló ń wá láàárín àwọn márùn-ún tó kù? Ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí a fi í sí. Bàbá alágboòrùn ni kó wà lókè."

"Agogo, kí ni ìwọ rí sí i?" Lọ́yà béèrè.

"Ohun tí ẹ wí náà ni," Agogo ní.

Kó tó di pé wọ́n túká, Ànńtí sọ pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn ni yóò dúró níwájú gbogbo èèyàn, níwájú àwọn ayàwòrán àti àwọn tí wọ́n kùn, tí yóò sọ èyí tí wọ́n mú àti ìdí tí wọn ò fi mú àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó ronú lé e. Gbogbo ọwọ́ ló na Agogo.

* * *

Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù ìyá Agogo wà. Ibi tí máṣínì rẹ̀ wà kò gbà ju òun, bẹ́ǹṣì oníbàárà, àti aṣọ tó ń kọ́ sókè. Ọ̀sán ọjọ́ náà, Agogo ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń gbàdúrà kí oníbàárà pọ̀ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má ráyè bi í ní nǹkan. Ta ló bá níbẹ̀? Búrọ́ọ̀ṣì. Ó dúró ní àárín ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dà wà ní ṣòkòtò rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jogún ilé.

"Agogo! O bọ́ sákòókò!" ó ní. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún Màmá ni. Àwòrán wọn ti wọlé! Ó ti wà lára àwọn márùn-ún!"

"Èmi tí mo ṣe báyìí," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó ti yọ píìnì lẹ́nu kó lè sọ̀rọ̀. "Èmi tí mo wọ aṣọ ilé! Búrọ́ọ̀ṣì, o ò tiẹ̀ ní kí n pààrọ̀ aṣọ." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àbí ibẹ̀ kọ́ lo lọ lónìí? Ṣé o rí mi?"

"Rárá, Màmá," Agogo dáhùn. "A ò… a ò tíì dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn."

Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn. "Ṣé ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ọ́ ni?"

"Bó o bá débẹ̀, tètè sọ fún wọn pé ìyá ẹ ni o," Búrọ́ọ̀ṣì ní, "kí wọ́n má baà sọ pé èmi ló fi ẹ́ síbẹ̀. Àmọ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, Màmá, ẹnu yín fojú mi rí màbo. Ojú yín ò fún mi ní wàhálà. Ọwọ́ yín náà, wẹ́rẹ́. Ẹnu ni mo kùn, tí mo pa á rẹ́, tí mo tún un kùn. Àfi lọ́jọ́ tí mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí, tí mò ń dúró de ṣòkòtò mi. Ṣé ẹ rántí oníbàárà yín yẹn, èyí tó ní kí ẹ rán aṣọ tó máa sọ òun di ọmọ ogún ọdún?"

Ìyá Agogo ti dá píìnì padà sẹ́nu. Ó tẹrí ba sídìí iṣẹ́. "Mm," ó ní.

"Tó tún ní kí ẹ fún un níbàdí, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ níbàdí, nínú aṣọ kan náà?"

Ó yẹ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa obìnrin yìí. Apá òsì ẹnu rẹ̀ ló máa ń fi há píìnì. Bí píìnì bá ti wà níbẹ̀, kì í sọ̀rọ̀, "Mm" ló kù. "Mm" kúkúrú túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni. "Mm" tó gùn túmọ̀ sí pé kí Agogo lọ fọ abọ́. Ibi tí wàhálà wà ni pé bí nǹkan bá pa á lẹ́rìn-ín, kò lè rín in, kí píìnì má baà bọ́ sí i lọ́fun. Apá òsì á há mọ́ra, apá ọ̀tún á máa gòkè fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnu náà á wọ́. Àwọn oníbàárà á rò pé inú ń bí i, àwọn mìíràn á tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ara ilé nìkan ló mọ̀ pé ẹ̀rín ló wà níbẹ̀, pé ó kù díẹ̀ kó bú jáde.

Agogo wo ẹnu ìyá rẹ̀. Apá òsì há, apá ọ̀tún ń gòkè. Ẹnu inú àwòrán gan-an ni, kò yọ̀ kò dín. Búrọ́ọ̀ṣì ò ṣi ẹnu kùn. Ẹ̀rín tí ò tíì jáde ló kùn.

Wọ́n ní kí amúkùn-ún wò ó, ẹrù rẹ̀ wọ́. Ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ìsàlẹ̀. Ohun tí Agogo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nìyẹn. Àwọn yòókù ò mọ ìsàlẹ̀, ó yé wa. Òun tó mọ̀ ńkọ́?

Ní ọjọ́ kejì, kò sí ohun tí olùkọ́ sọ tó wọ etí rẹ̀. Bó bá pa ẹnu mọ́, tó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun ni yóò dúró lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí yóò fi ohùn tó gba gbọ̀ngàn kan sọ pé ẹnu ìyá òun wọ́, ìyá òun á sì jókòó níwájú òun. Bó bá pa ẹnu mọ́, tó sì dìbò fún ìyá rẹ̀, ojóró ni, bí ẹnikẹ́ni ò bá tiẹ̀ mọ̀. Bó bá sọ òótọ́, wọ́n á mọ̀ pé ó fi ìyá ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èyí tó dùn ún jù ni ìgbà tó délé, tó bá ìyá rẹ̀ tó ń gé aṣọ tuntun, aṣọ tó ti wà nísàlẹ̀ àpótí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí wọ́n má baà sọ pé àwòrán mi rẹwà jù mí lọ."

* * *

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí Ànńtí tó jókòó, Agogo ti dìde.

"Mo fẹ́ sọ̀rọ̀," ó ní. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ ti padà dé. "Obìnrin tó ń ránṣọ yẹn, ìyá mi ni. Mo mọ Búrọ́ọ̀ṣì tó kùn ún náà. Ó yẹ kí n ti sọ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sọ, torí pé mo ti bá yín rẹ́rìn-ín."

 Lọ́yà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi dìde. Ó ní, "Agogo, jọ̀ọ́, má bínú. Mi ò mọ̀ pé ìyá ẹ ni."

"Ìwọ ò mọ̀," Agogo ní. "Èmi mọ̀."

Ó yíjú sí Ànńtí. "Àmọ́ ẹnu yẹn, Ànńtí, kò…"

"Ó tó," Ànńtí ní. Kò jágbe mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ sókè. "O ṣeun tó o sọ òótọ́. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n o sọ ọ́. Nísinsìnyí o ò lè sọ nǹkan kan mọ́ nípa àwòrán yẹn. Agbẹjọ́rò kì í tún ṣe adájọ́. Ọmọ tó yẹ kó rọ́pò rẹ ò bá wa wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, torí náà àwọn mẹ́rin yìí ló máa dìbò. Bó bá dọ́gba, èyí tó wà lókè látọjọ́ àkọ́kọ́ ló mú un. Jáde díẹ̀."

Agogo ń lọ sẹ́nu ọ̀nà nígbà tó gbọ́ tí Ànńtí sọ fún àwọn tó kù pé, "Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ kí ẹ dúró lókèèrè títí ayé ni? Okùn yẹn, nítorí ọwọ́ yín ni mo ṣe nà án, kì í ṣe nítorí ojú yín. Ẹ jẹ́ kí n ká a. Ẹ sún mọ́ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọwọ́ sẹ́yìn."

Ó jókòó sórí àga kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ó gbọ́ tí ìbejì kan sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tí èkejì sọ pé rárá.  Lẹ́yìn náà, ohùn Lọ́yà bú jáde.

"Píìnì ni! Píìnì wà lẹ́nu wọn! Ẹ wo orí rẹ̀ tíntìntín níbí! Háà, obìnrin yìí fẹ́ rẹ́rìn-ín! Kò rí àyè rín in ni!"

Ni Lọ́yà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yìí kò jọ ti ọjọ́ sí rárá, torí pé òun àti obìnrin inú àwòrán ló jọ ń rín in. Agogo da ọwọ́ bo ojú, ó ń sunkún, inú rẹ̀ sì dùn.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Lọ́yà ló jáde wá bá a.

"Méjì sí méjì," ó ní. "Èmi àti ìbejì kan mú ìyá ẹ. Onígíláàsì àti ìbejì kejì mú bàbá alágboòrùn. O mọ̀ pé àwọn méjèèjì ò lè mú ẹnì kan náà láéláé."

"Bàbá alágboòrùn ló mú un nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Lọ́yà fọwọ́ nu bàtà rẹ̀ tí kò dọ̀tí. "Ká ní o ti sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ẹni tó rọ́pò ẹ ì bá wà níbẹ̀. Ẹni karùn-ún."

 Yàrá olójú fèrèsé ńlá ti lọ lọ́wọ́ Búrọ́ọ̀ṣì nítorí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Agogo, tàbí kó jẹ́ pé ì bá ti lọ bákan náà. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́.

Ànńtí náà jáde. "Ìbò ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ," ó ní, "mi ò gba ohùn rẹ. Ìwọ náà lo ṣì máa sọ̀rọ̀ lọ́la. Àwọn mẹ́rin yìí á kọ́ ọ ní ohun tó o máa sọ."

* * *

Ìyá rẹ̀ ń ṣẹ́ aṣọ ọjọ́ Àbámẹ́ta létí nígbà tó délé, píìnì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, mo fẹ́ sọ nǹkan fún yín."

"Mm."

"Nǹkan náà ò dára."

"Mm."

Agogo sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìdérí ìkòkò, ó sọ ẹ̀rín tó rín, ó sọ irọ́ tó pa nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í bóyá ó rí òun. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ dúró lórí máṣínì. Ó yọ píìnì lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gún wọn mọ́ tìmùtìmù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ó tán?"

"Ó tán, Màmá."

"Nígbà tí Búrọ́ọ̀ṣì kọ́kọ́ ṣí àwòrán yẹn fún mi, ìwọ wà níléèwé. Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, 'Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bí ẹnu mi ṣe ń rí nìyí?' Torí náà, ẹ̀rín kọ́ ló dùn mí."

"Kí ló wá dùn yín, mà?"

"O rí mi, o ò kí mi."

Agogo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣínì.

"Ìwọ tó o máa ń kí ẹni tó wà ní ìkòríta láti ẹnu ọ̀nà ilé wa," ni ìyá rẹ̀ wí. "O bá mi nílé onílé, láàárín àwọn tí mi ò mọ̀ rí, o mọ̀ mí, o sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Ìyẹn ló dùn mí."

Kò pariwo mọ́ ọn. Ì bá sàn kó pariwo. Agogo sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ kó sunkún náà dáadáa kó tó ti etí aṣọ sí i lọ́wọ́.

"Ó tó. Mo ti gbọ́. Di ibí mú fún mi, kó má baà ṣẹ́ wọ́. Ẹnu mi tó wọ́ ti tó, kí aṣọ mi má tún wọ́."

Agogo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú.

"Búrọ́ọ̀ṣì ńkọ́?" ni ìyá rẹ̀ bi í. "Ìwọ lo máa sọ fún un fúnra rẹ. Mi ò ní bá ọ sọ ọ́."

* * *

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, gbọ̀ngàn kún. Àwọn tí wọ́n kùn jókòó, oníkálukú sábẹ́ àwòrán tirẹ̀. Bàbá olùkọ́ gbé agboòrùn wá bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń ràn gan-an níta, nọ́ọ̀sì sì ti ń tòògbé. Ìyá Agogo wọ aṣọ tuntun rẹ̀, ó jókòó gbáágbá, kò sí píìnì lẹ́nu rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú ṣòkòtò kan ṣoṣo tó ní tí kò ní ọ̀dà.

Agogo bọ́ síwájú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ, ó mọ̀ ọ́n lórí. Àmọ́ kò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

"Kí n tó sọ ohunkóhun," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kí ẹnì kan. Mo rí i níbí lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wá, mi ò kí i."

Ó yíjú sí obìnrin tó jókòó sábẹ́ àwòrán karùn-ún, ó tẹrí ba, ó sì fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún un kí i.

"Ẹ káàsán o, Màmá mi!"

Nọ́ọ̀sì jí. Fèrèsé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n. Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ obìnrin náà. Obìnrin náà ò fẹ́ rẹ́rìn-ín níwájú àwọn èèyàn ńlá. Ó há ẹnu mọ́ra, àmọ́ ẹnu tó ti ń gbé píìnì láti ọjọ́ pípẹ́ ti mọ ọ̀nà ara rẹ̀. Apá òsì há. Apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, díẹ̀díẹ̀. Àwọn èèyàn wo ẹnu rẹ̀, wọ́n wo ẹnu tó wà lókè orí rẹ̀ nínú àwòrán, wọ́n tún padà wo tirẹ̀. Kàá! Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ìyá Agogo náà bú sẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ṣí gbayawu. Ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ ló tún ròkè jù. Lọ́jọ́ yìí, kò sí ohun tó fi pamọ́ sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó ní bàbá alágboòrùn ni ààyò àwọn ọ̀dọ́, torí pé bí èèyàn bá wò ó pẹ́, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í retí òjò. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó kùn ún fò sókè, bàbá náà sì na agboòrùn sókè bí ìdà. Ó ní ẹni kejì ni aránṣọ, pé ìbò dọ́gba, àti pé àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ayàwòrán rẹ̀. "A dúró lókèèrè," ó ní, "a ní ẹnu wọ́. Ìgbà tí a sún mọ́ ọn la rí i pé ẹ̀rín ni."

Nígbà tí èrò ń túká, ó lọ bá Búrọ́ọ̀ṣì, ó sì sọ ọ́ fún un láìfi ìkankan pa mọ́: ẹ̀rín, irọ́, àti ìbò karùn-ún. Búrọ́ọ̀ṣì wo ojú ọ̀nà tó lọ sí yàrá olójú fèrèsé ńlá.

"Ó dùn mí o," ó ní. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ." Ó wá mi orí. "Àmọ́ o rí bí gbogbo wọn ṣe ń wò ó, àbí? Wọ́n ń wo ẹnu kan, wọ́n ń wo èkejì. Mo ti ń kọ àkọlé ṣọ́ọ̀bù tipẹ́, kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì rí. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ ni mo máa kùn."

"Èmi?"

"Ìwọ, pẹ̀lú ẹnu pípadé. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò tíì rí i rí."

Ìyá Agogo gbọ́ ọ láti ìdí àwòrán. Ẹnu rẹ̀ tún wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹgbẹ́ bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí wọ́n ń fi rín in kí ẹ tó dara pọ̀. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ kí i, kí gbogbo ayé gbọ́. Ẹ tètè sọ òótọ́ tí ẹ bá ní láti sọ, torí òótọ́ tó bá pẹ́ nílé lè gba fèrèsé lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó jáde. Agogo ti mọ èyí. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti iléèwé dé, láti ìkòríta ló ti ń kí ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì dáhùn láti ìdí máṣínì: "Mm."